Orin Paul McCartney wo ló dáa jù? Ọ̀rọ̀ tó ń sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá láàrin àwọn olólùfẹ́ ẹ̀

Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, àwọn èèyàn máa ń ti Japan, Brazil, Amẹ́ríkà àti ibi gbogbo rọ́ lọ sí Liverpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti máa ń fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe àjọ̀dún àwọn Beatles. Bàbá àgbà ń bẹ níbẹ̀, ọmọ ń bẹ níbẹ̀, ọmọ-ọmọ náà kì í gbẹ́yìn. Wọ́n á jọ kọrin, wọ́n á jọ jó, wọ́n á jọ mutí, inú gbogbo wọn á máa dùn. Àfi kí ẹnì kan ṣàdédé la ẹnu pé nínú gbogbo orin tí Paul McCartney kọ láyé ẹ̀, èwo ló dáa jù? Ó parí! Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín á fajú ro, ẹni tó ti jókòó á dìde, ẹni tí ọtí ti ń pa á lójú á sọ pé ẹ jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ mìíràn á ti máa wo ara wọn níwòkuwò.

Ẹni tó bá rántí bí wọ́n ṣe máa ń jà nílé ọtí lórí pé Sunny Adé ló mọ orin kọ ni tàbí Ebenezer Obey, tàbí bí ọ̀rọ̀ Barrister àti Kollington ṣe máa ń pín àdúgbò sí méjì, irú ẹ̀ gan-an nìyí. Tiwọn tiẹ̀ tún le díẹ̀ sí i, torí pé orí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń jà. Paul tó wà nínú Beatles, Paul tó kó ẹgbẹ́ Wings jọ, Paul tó ń dá kọrin: bí èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rí lójú àwọn olólùfẹ́ ẹ̀, kálukú ló sì ní èyí tó ń gbè sẹ́yìn.

Ọjọ́ 18, oṣù kẹfà, 1942 ni wọ́n bí ọkùnrin náà ní Liverpool. Nọ́ọ̀sì ni ìyá ẹ̀, Mary. Ọmọ ọdún 14 péré ni nígbà tí ìyá náà kú ní 1956. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló pàdé John Lennon, wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin. Àwo àkọ́kọ́ tí Beatles ṣe fún ilé iṣẹ́ EMI jáde ní 1962, ẹgbẹ́ náà sì fọ́ ní 1970. Ọdún mẹ́jọ péré. Láti 1970 yẹn títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí Paul ti ń kọrin láìsí Beatles, síbẹ̀, orin ọdún mẹ́jọ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì fi ń dá a mọ̀. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Àwọn tí wọ́n pọ̀ jù ni àwọn tó ń sọ pé “Yesterday” ni, pé kò sí ohun tó tún kù láti jiyàn lé lórí. Ojú oorun ni Paul ti gbọ́ ohùn orin náà. Ó jí, ó jókòó sídìí dùùrù, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì dùn débi tó fi rò pé orin olórin lòun ń jí. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló fi ń kiri ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, tó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbọ́ ọ níbì kan rí. Kò tiẹ̀ tíì ní ọ̀rọ̀ tó máa fi sí i, ọ̀rọ̀ nípa ẹyin díndín ló kọ́kọ́ fi ń dí i. Nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ní 14, oṣù kẹfà, 1965, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó pé ọmọ ọdún 23. Kò sí ìkankan nínú àwọn mẹ́ta tó kù tó lu nǹkan sí i. Gìtá Paul àti àwọn onígòjé mẹ́rin ni. Ní 1999, nígbà tí Radio 2 ti BBC ní kí àwọn olùgbọ́ àti àwọn tó mọ̀ nípa orin mú orin tó dáa jù ní gbogbo ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, “Yesterday” ni wọ́n mú.

Ṣùgbọ́n àwọn alátakò ní kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní orin tí gbogbo ayé ti kọ, tí wọ́n ń kọ níbi ìgbéyàwó, tí wọ́n ń kọ níbi ìsìnkú, tí wọ́n ń lù ní òtẹ́ẹ̀lì nígbà táwọn èèyàn bá ń jẹun, ó ti sú etí. Àwọn kan tiẹ̀ ní ẹni tó bá dárúkọ “Yesterday” kò tíì gbọ́ orin Paul dénú rárá, pé èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí i létí ló ń pè. Ọ̀rọ̀ yẹn ti fẹ́ pọ̀ jù o. Orin kì í burú torí pé ó gbajúmọ̀.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni àwọn oní “Hey Jude”. Ìtàn orin yìí wà ní ẹnu gbogbo wọn. Ní 1968, John Lennon fi ìyàwó ẹ̀, Cynthia, sílẹ̀ torí Yoko Ono. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Julian, ọmọkùnrin tí wọ́n bí. Paul wọ mọ́tò ẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ kí ìyá àti ọmọ náà, kí wọ́n má baà rò pé gbogbo ayé ti kọ̀ wọ́n. Ojú ọ̀nà, bó ṣe ń wa mọ́tò lọ, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìtùnú fún ọmọ yẹn. Orin náà gùn ju ìṣẹ́jú méje lọ, nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n máa ń fẹ́ kí orin jẹ́ lórí rédíò nígbà náà, síbẹ̀ ó lo ọ̀sẹ̀ 9 ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ITV ní kí àwọn ará Britain dìbò yan èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú àwọn orin Beatles tó dé ipò kìíní, ní 2015, òun ló gbégbá orókè. Ìwé ìròyìn Rolling Stone náà fi í sí ipò kẹjọ nínú orin 500 tó dáa jù láyé ní 2004. Nígbà tí wọ́n wá tún un tò ní 2021, ó ti já kúrò nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Háà! Àwọn olólùfẹ́ Paul bínú lọ́jọ́ náà! Wọ́n ní ṣé orin náà yí padà ni, àbí etí àwọn oníwèé ìròyìn ni kò gbọ́ràn mọ́?

Tí ọ̀rọ̀ bá wá kan “Let It Be”, ohùn máa ń rọlẹ̀. Paul ní òun lá àlá rí ìyá òun tó ti kú láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, lásìkò tí ẹgbẹ́ Beatles ń tú ká tí ọkàn òun kò balẹ̀, ìyá náà sì fi òun lọ́kàn balẹ̀. Orúkọ ìyá náà ló wà nínú orin yẹn. Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà pọ̀ tí wọ́n gbà pé Màríà Wúńdíá ni, Paul kò sì bá wọn jà sí i. Ẹni tí ìyá ẹ̀ bá ti kú, tó bá lóun ò ní gbọ́ pé orin kan dáa ju èyí lọ, wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ ni.

Ìjà mìíràn tún wà lábẹ́ gbogbo èyí, ìjà ta ló kọ kí ni. Láti kékeré ni John àti Paul ti jọ ṣe àdéhùn pé orin tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn bá kọ, orúkọ àwọn méjèèjì ni kó máa jẹ́. Ó dáa nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Nígbà tí ilé dàrú, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiẹ̀. Wọ́n gbà pé “Yesterday” jẹ́ ti Paul, wọ́n gbà pé “Strawberry Fields Forever” jẹ́ ti John. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan “In My Life”, ọ̀rọ̀ ò wọ̀ mọ́. John ní òun lòun ni ín, pé ìba díẹ̀ láàrin ni Paul bá òun fi sí i. Paul ní òun lòun ṣe gbogbo ohùn orin náà. John ti kú, kò sì sí ẹni tó máa dá ẹjọ́ náà. Ní 2018, olùkọ́ kan ní Harvard, Mark Glickman, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kó orin àwọn méjèèjì jọ, wọ́n fi ìṣirò yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni ń yẹ ìka ọwọ́ wò. Ohun tí ìṣirò wọn sọ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún, kò tó 2 tó fi lè jẹ́ pé Paul ló ṣe ohùn “In My Life”. Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn John jó. Àwọn ti Paul ní ẹ̀rọ kọ́ ló jókòó nínú yàrá lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

Ìyẹn kò sì ní kí Rolling Stone má fi “A Day in the Life” ṣe kìíní nínú orin Beatles 100 tó dáa jù ní 2010. Orin tí John kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ẹ̀, tí Paul kọ àárín ẹ̀! Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ pín in? Ní 2002, nígbà tí Paul ṣe àwo kan tó sì yí orúkọ po, tó fi tiẹ̀ ṣíwájú ti John lára àwọn orin Beatles tó wà níbẹ̀, Yoko Ono bínú, ọ̀rọ̀ náà sì di ariwo nínú ìwé ìròyìn káàkiri. Àwọn olólùfẹ́ Paul kan tiẹ̀ sọ pé èyí kò dáa, pé kò yẹ kó máa bá òkú du orúkọ.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí máa dun Paul, àti àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀, kò ṣòroó mọ̀. Lọ́jọ́ 8, oṣù kejìlá, 1980, wọ́n yìnbọn pa John Lennon níwájú ilé ẹ̀ ní New York. Láti ọjọ́ yẹn ni John ti di ẹni mímọ́. Wọ́n ní òun ni ọlọ́gbọ́n, òun ni onígboyà, òun ló ní ọpọlọ. Pé Paul kàn mọ orin dídùn-dídùn kọ ni, orin ìfẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin. Torí náà, nígbà tí àwọn àgbà yìí bá jókòó tí wọ́n ń to orin sí ipò, ẹjọ́ ni wọ́n ń dá. Ṣé ọkùnrin yìí tó èèyàn fúnra ẹ̀, àbí John ló gbé e dìde?

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń pè fún Paul ni “Maybe I'm Amazed”. Ní 1970, Paul ti sá lọ sí oko ẹ̀ ní Kintyre, lórílẹ̀-èdè Scotland. Àárẹ̀ ọkàn mú un, ó ń mutí, kò fẹ́ẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, torí iṣẹ́ tó ti ń ṣe látìgbà èwe ti bọ́. Ìyàwó ẹ̀, Linda, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ya fọ́tò, ló gbé e dúró. Orin tó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Linda nìyẹn, òun nìkan ló sì lu gbogbo ohun èlò tó wà nínú ẹ̀. Ó wà nínú àwo àkọ́kọ́ tó dá ṣe. Ó ṣeni láàánú pé kò gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí àwo kékeré nígbà náà. Ọdún 1977 ni èyí tó kọ níwájú èrò jáde. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa Linda ní oṣù kẹrin, 1998. Àwọn tó ti gbọ́ tí Paul kọ orin yìí lẹ́yìn ikú obìnrin náà, ẹ má bá wọn jiyàn.

Èyí tó tẹ̀ lé e, àwo “Ram” ti 1971, ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ya èèyàn lẹ́nu jù. Òun àti Linda ni wọ́n jọ kọ orúkọ sí i. Nígbà tó jáde, àwọn lámèyítọ́ gbé e gun orí igi. Jon Landau nínú Rolling Stone bẹnu àtẹ́ lù ú gidi. John náà gbọ́ “Too Many People” tó wà nínú ẹ̀, ó ní òun ni Paul ń bá wí, Paul sì gbà lẹ́yìn náà pé òótọ́ ni. Ni John bá dá a lóhùn pẹ̀lú “How Do You Sleep?”, tó tiẹ̀ fi orúkọ “Yesterday” bú u, George Harrison, tí wọ́n jọ wà nínú Beatles, ló sì bá John ta gìtá nínú èébú ọ̀hún. Àbẹ́ ẹ rí nǹkan! Ṣùgbọ́n àwọn tí wọn ò tíì bí lásìkò ìjà yẹn ló wá gba “Ram” sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ olórin bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Àwo tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan ti ń gbé e ga ju ohunkóhun tí Paul ṣe lọ báyìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni “Temporary Secretary” ti 1980. Ẹ̀rọ ló ń dún kíkíkí nínú ẹ̀, wọ́n ní bóyá orí ọkùnrin náà ti ń dàrú. Nígbà tó kọ ọ́ níwájú èrò fún ìgbà àkọ́kọ́, ní London ní 2015, àwọn kan fò sókè bí ẹni pé wọ́n jẹ tẹ́tẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká dé Èkó.

Bẹ́ẹ̀ ni, Èkó. Àwo tí àwọn tó pọ̀ jù fi ń gbèjà Paul, “Band on the Run”, Èkó ló ti ṣe èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀, láàrin oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, 1973, nígbà tí Ọ̀gágun Gowon ń ṣèjọba. Paul ní kí EMI kó orúkọ gbogbo ilé ìgbohùnsílẹ̀ tí wọ́n ní káàkiri ayé wá, ó sì mú ti Àpápá ní Wharf Road. Ohun tó ń rò lọ́kàn ni oòrùn, etí òkun àti ìlù tó dáa. Òjò ló bá. Kó tiẹ̀ tó wọ bàálù, méjì nínú àwọn márùn-ún tó wà nínú ẹgbẹ́ Wings ti kọ̀wé sílẹ̀: Henry McCullough tó ń ta gìtá kọ́kọ́ lọ, nígbà tó sì ku díẹ̀ kí wọ́n gbéra, onílù wọn, Denny Seiwell, pè lórí fóònù pé òun ò bá wọn lọ mọ́. Ó wá ku Paul, Linda àti Denny Laine. Wọ́n ní àwọn á lọ bẹ́ẹ̀.

Ìkẹjà ni wọ́n dé sí, Àpápá ni iṣẹ́ wà. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ náà kò tíì parí dáadáa. Paul ló lu ìlù fúnra ẹ̀, òun ló ta gìtá béèsì, òun ló tún ta èyí tó pọ̀ nínú gìtá yòókù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, òun àti Linda ń fẹsẹ̀ rìn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́tò kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn ọkùnrin bọ́ọ́lẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ọ̀kan. Linda ń pariwo pé kí wọ́n má pa ọkọ òun, pé olórin ni. Wọn ò pa á. Ohun tó wà nínú báàgì ni wọ́n kó lọ, kásẹ́ẹ̀tì tí Paul gba orin àwo tuntun náà sí wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ orin sí. Kò sí ẹ̀dà kankan. Ó wá di pé kó máa rántí orin náà látinú orí. Paul sọ lẹ́yìn náà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti gba nǹkan mìíràn lé kásẹ́ẹ̀tì náà lórí. Ẹ wò ó, bóyá ní àdúgbò kan l'Ékòó, “Band on the Run” àkọ́kọ́ ti wà lábẹ́ orin àpàlà ẹnì kan láti 1973!

Ìyẹn nìkan kọ́. Lọ́jọ́ kan nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀, èémí Paul há, ó dákú, Linda rò pé ó ti kú. Sìgá tó ń mu lámujù ni wọ́n ló fà á. Lẹ́yìn tí wọ́n padà délé ni wọ́n bá lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ EMI pé kí wọ́n má lọ sí Èkó o, àrùn onígbáméjì wà níbẹ̀.

Ti Fẹla wá ni. Paul lọ sí Afrika Shrine, ó gbọ́ bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń lù, ó sì sọ ọ́ títí dọ̀la pé ẹkún lòun sun níbẹ̀, torí orin náà lágbára jù. Ṣùgbọ́n Fẹla ti pariwo síta pé àwọn òyìnbó yìí wá jí orin ilẹ̀ adúláwọ̀ kó ni. Nígbà tí wọ́n pàdé, Paul ní kó wá gbọ́ ohun tí àwọn ti ṣe, ó sì gbé e sí i létí, kó mọ̀ pé kò sí orin Èkó nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Fẹla kò sì ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó ti kó orin aláwọ̀ dúdú lọ láìdárúkọ ẹni tó ni ín kò lóǹkà. Nínú èyí pàápàá, ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa á gbà pé Paul kò jí nǹkan kan. Bó bá tiẹ̀ jí díẹ̀, ìlù àwo náà ì bá tún dùn sí i! Ìlù ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀, ti Remi Kabaka nínú “Bluebird”, London ni wọ́n ti lù ú. Ginger Baker náà, onílù Gẹ̀ẹ́sì tó ti dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ ARC sílẹ̀ n'Ìkẹjà, tó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Fẹla, fẹ́ kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Wọ́n lọ fún orin kan, “Picasso's Last Words”, Baker sì ń mi agolo tó kó òkúta wẹ́wẹ́ sí nínú ẹ̀.

Àwo náà jáde lóṣù kejìlá, 1973. Kò kọ́kọ́ rìn. Ìgbà tí “Jet” àti orin “Band on the Run” fúnra ẹ̀ jáde ní 1974 ló wá gbiná: ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ 7 ní ipò kìíní àwọn àwo ńlá ní Britain. John Lennon pàápàá, tí kì í fẹ́ẹ́ yin Paul mọ́, yin àwo náà. Keith Moon, ìgbákejì ẹ̀kùn nídìí ìlù, ní ta ló lu ìlù inú ẹ̀?

Àwọn tó mú àwo Èkó yìí náà kò gbọ́ra wọn yé. Àwọn kan ní orin “Band on the Run” ni, torí orin mẹ́ta ló so pọ̀ di ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan tí George Harrison sọ níbi ìpàdé owó Beatles, nígbà tó sú u tó fẹ́ jáde níbẹ̀, ló bí i. Àwọn mìíràn ní “Jet” ni, wọ́n á tún wá máa jà lórí ohun tí Jet jẹ́: Paul sọ nígbà kan pé ajá òun ni, ó tún sọ nígbà mìíràn pé ẹṣin kékeré kan ni. Àwọn tó rò pé àwọn gbọ́n jù á mú “Let Me Roll It” tàbí “Nineteen Hundred and Eighty-Five”. Àwọn ará Ukraine ní tiwọn, nígbà tí Paul fẹ́ kọrin fún wọn ní Kyiv ní 2008 tí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́, “Mrs. Vandebilt” ni wọ́n mú, orin tí kò kọ níta rí láti ọjọ́ tó ti ṣe é. Ó sì kọ ọ́ fún wọn.

Lórí “Mull of Kintyre”, òkun ló pín wọn níyà. Orin tó fi yin oko ẹ̀ ní Scotland ni, pẹ̀lú àwọn onífèrè aláàpò ìlú Campbeltown. Ó jáde ní 1977, ó lo ọ̀sẹ̀ 9 ní ipò kìíní ní Britain, òun sì ni àwo kékeré àkọ́kọ́ tó tà ju mílíọ̀nù méjì lọ níbẹ̀. Ẹ gbé e dé Amẹ́ríkà, wọn ò dá a mọ̀. Ẹ̀yìn àwo náà, “Girls' School”, ni wọ́n ń lù lórí rédíò wọn, ìyẹn náà kò sì kọjá ipò 33. Ọmọ Scotland á máa da omi lójú, ọmọ Amẹ́ríkà á máa bi í pé orin wo nìyẹn.

Ìwọ̀nba ibi tí gbogbo wọn ti máa ń fohùn ṣọ̀kan ni ti orin tó burú jù, ìyẹn náà kò sì pẹ́ tó fi ń dàrú. “Ebony and Ivory” tí òun àti Stevie Wonder ṣe ní 1982 lo ọ̀sẹ̀ 7 ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, àmọ́ nígbà tó di 2007, àwọn olùgbọ́ rédíò BBC 6 Music dìbò pé òun ni orin ẹlẹ́ni-méjì tó burú jù láyé. “Wonderful Christmastime” ń kọ́? Gbogbo oṣù kejìlá ni wọ́n ń bú u, gbogbo oṣù kejìlá ni wọ́n ń lù ú. Ọmọ Nàìjíríà kan tó ń lu kọ́ńgà ní London, Jimmy Scott, ni Paul ti gbọ́ gbólóhùn tó fi ṣe “Ob-La-Di, Ob-La-Da” ní 1968, Scott sì ní kó fún òun lówó ẹ̀. Àwọn ìwé òyìnbó kan kọ ọ́ pé Yorùbá ni gbólóhùn náà. Yorùbá wo? Ti ìlú wo? John kórìíra orin náà, àwọn ìwé ìròyìn kan ti kà á mọ́ èyí tó burú jù rí, síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí Paul bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níwájú èrò, àwọn tó ń bú u náà ló máa kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ti wá ń da àtòjọ àwọn bàbá yìí rú. Nígbà tí Paul bá Rihanna àti Kanye West ṣe “FourFiveSeconds” ní 2015, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mìíràn ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Beyoncé sì kọ “Blackbird” sínú àwo “Cowboy Carter” ní 2024, pẹ̀lú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó bá a gbè é, orin ọdún 1968 yẹn gòkè lójijì. Paul ní ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn ní gúúsù Amẹ́ríkà ló wà lọ́kàn òun nígbà tóun kọ ọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Beyoncé. Àwọn àgbà kan ṣì ń ráhùn pé Paul kò tètè sọ ìtàn yẹn. Àwọn ọmọdébìnrin tó ń kọ ọ́ kò gbọ́ tiwọn.

Paul fúnra ẹ̀ ń kọ́? Wọ́n ti bi í léèrè léraléra. Nígbà tí wọ́n bá fún un lọ́rùn, èyí tó máa ń dárúkọ ni “Here, There and Everywhere”, orin ìfẹ́ kékeré kan tó wà nínú àwo “Revolver” ti 1966, tí John náà yìn. Àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ kò gbà. Wọ́n ní ó dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni kìíní, kí ẹni tó ni orin jọ̀ọ́ máa kọ ọ́, kó fi títò sílẹ̀ fún àwọn.

Òun náà mọ̀ wọ́n. Ó ti sọ ọ́ pé bí òun bá ń kọ orin Beatles, iná fóònù gbogbo èrò á tàn bí ìràwọ̀, bí òun bá kọ tuntun, gbogbo ẹ̀ á ṣókùnkùn bí ihò. Ó lóun á kọ tuntun náà síbẹ̀. Nínú ìrìn àjò orin ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, ó lè kọ tó orin 35 lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ju wákàtí méjì lọ, lọ́jọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń fi ọ̀pá rìn. Bí wọ́n bá sì ti jáde síta, kí wọ́n tó dé ìdí mọ́tò wọn, wọ́n á ti máa bi ara wọn pé kí ló dé tí kò kọ “Uncle Albert”.